Ìtìjú Wo Ni Ó Wà Nínú Òkìrìkà?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ òní ti inú ọjà wá. Ní ọjọ́ ọjà kan láìpẹ́ yìí, mo dúró ní ẹ̀bá òkìtì aṣọ, mo ń wá ẹ̀wù òtútù fún ọmọ mi tí ó fẹ́ padà sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ta ni mo rí ní òdì kejì òkìtì náà? Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìlú wa ni, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí tọmọdé tàgbà ń bọ̀wọ̀ fún. Bí ó ti rí mi ni ó ju ṣòkòtò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ó ṣèèṣì gbá ejò mú. Ó ní, “Ẹ káàsán o, Akọ̀wé. Mo kàn ń kọjá lọ ni o.” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ kú ìrìn o, Tíṣà,” bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù méjì wà ní apá èmi náà, tí n kò rí ibi fi wọ́n pamọ́ sí.

Tíṣà bá tirẹ̀ lọ. Mo mú ṣòkòtò náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ rẹ̀ ki, okùn ojú rírán rẹ̀ kò tú, ọ̀já ìbàdí rẹ̀ le dáradára. Iye tí ìyá ọlọ́jà dá lé e kò tó ìdámẹ́rin ohun tí télọ̀ yóò gbà láti rán irú rẹ̀, a kò tíì ka owó aṣọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Mo mọ iye tí olùkọ́ ń gbà ní oṣù. Mo sì mọ̀ pé bí ìtìjú bá lé e kúrò níbi òkìtì yìí, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan ni yóò lọ gba aṣọ ní àwìn, tí gbèsè náà yóò sì máa bá a jí ní àràárọ̀.

N kò ní láti ròyìn ìnira tí ó wà ní ilẹ̀ yìí fún àgbẹ̀ kankan. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹfà wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà nínú ìwé ìjọba ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Ní ọdún 2024 kan náà ni ìdíyelé ọjà gun òkè kọjá 30 nínú 100. Òfin tí ó sọ owó-oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà jáde ní oṣù keje ọdún náà. Ẹ bi ẹni tí ó ń gbà á léèrè ohun tí ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ìrẹsì àti owó mọ́tò. Síbẹ̀, Yorùbá kì í fi aṣọ ṣeré. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn baba wa ni ó wí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ni a sì ń sáré kí a má baà rí wa ní ìríkúrìí. Ibi tí sáré yìí ti ń gbé wa ṣubú ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Kì í ṣe òní ni a ti ń wọ aṣọ àlòkù. Òkìrìkà tí a ń pè é, orúkọ ìlú etídò kan ni, nítòsí Port Harcourt, níbi tí ìdì aṣọ ti ń gúnlẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní àtijọ́. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP kalẹ̀ ní 1986, tí iye náírà wó lulẹ̀, èmi kò ju ọmọ kékeré lọ, ṣùgbọ́n mo rántí pé láti ìgbà náà ni àwọn ìyá wa ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa bọ́síkọ́nà. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń ròyìn ìtìjú: ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ bọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ojú má baà rí i. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ di bẹ́ńdáùn, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀ ṣa á. Lónìí, ẹni tí ó bá dé Katangúwà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, tàbí Yábàá, tàbí Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò rí lọ́yà, yóò rí nọ́ọ̀sì, yóò rí ọmọ yunifásítì, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, olúkúlùkù sì ń ṣe bí ẹni pé òun kò rí ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí wọ́n ń kó aṣọ wọ̀nyí dànù, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ojú ń tì wá láti wọ aṣọ àlòkù wọn ti lo aṣọ àlòkù rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, láti oṣù kẹfà ọdún 1941 títí di oṣù kẹta ọdún 1949, ìwọ̀n ni ìjọba wọn fi ń pín aṣọ. Ní ọdún kìn-ín-ní, kúpọ́ọ̀nù 66 péré ni wọ́n fún olúkúlùkù fún odindi ọdún. Bí ó bá tán, owó kò lè ra aṣọ tuntun mọ́ bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ìjọba tẹ ìwé jáde tí ó ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí a ti ń lẹ aṣọ àti bí a ti ń sọ kóòtù àgbà di ẹ̀wù ọmọdé. Elizabeth, ọmọ ọba wọn tí ó wá gorí ìtẹ́ ní 1952, kúpọ́ọ̀nù ni òun náà lò fún aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1947. Bí ọmọ ọba bá ń ka kúpọ́ọ̀nù, kí ni tíṣà ìlú wa ń sá fún?

Inú ìnira náà ni irú ìsọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàrin wọn, tí èmi yóò pè ní ìsọ̀ àánú. Àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn onínúure kan ní ìlú Oxford dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1942 láti ran àwọn tí ebi ń pa ní ilẹ̀ Gíríìsì lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà ni a mọ̀ sí Oxfam lónìí. Nígbà tí àwọn ènìyàn kó aṣọ àti ẹrù wá ju ohun tí ẹgbẹ́ lè fi ránṣẹ́ lọ, wọ́n gba ìsọ̀ kan ní òpópónà Broad Street, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1948, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù náà. Lónìí, irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 ní ilẹ̀ náà, ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú oríṣiríṣi. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro. Ẹni tí ó ní aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ yóò fọ̀ ọ́, yóò gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìyá àgbà àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì yóò wá jókòó ti ọjà náà láìgba kọ́bọ̀. Olówó lè wọlé, tálákà lè wọlé. Owó tí ọjà bá mú wá yóò lọ sí ilé-ìwòsàn, tàbí sí ọ̀dọ̀ ọmọ aláìníbaba, tàbí sí ìwádìí àìsàn. Ìjọba sì dín owó-orí ilé kù fún wọn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí dáadáa. Púpọ̀ nínú kóòtù tí wọ́n ń kì mọ́ inú àgbá ránṣẹ́ sí wa nílé, tí a sì ń fi yangàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tí mo tú àṣírí wọn.

Èyí tí wọn kò bá rí tà ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò tí ń fi ìwọ̀n ra aṣọ. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń ṣà á, tí ó ń dì í ní ìdì-ìdì, tí ó sì ń tà á sí ilẹ̀ Áfíríkà. Púpọ̀ nínú èyí tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ń gba Kútọnu kọjá. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: ẹni tí ó kọ́kọ́ fi aṣọ náà sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ó fi í sílẹ̀, kí ó tó dé ọwọ́ wa, ènìyàn bí mẹ́fà ti jẹ èrè lórí rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti níláti sọ òtítọ́ kan tí kò dùn mọ́ ọlọ́jà nínú. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí a kó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun. Àwọn aṣọ́bodè ń gba ìdì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ẹnubodè orí ilẹ̀ pátápátá láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ ahunṣọ ilẹ̀ wa lè yè ni òfin náà fi wà. Mo fara mọ́ èrò náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: níbo ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà wà? Èyí tí a dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1957 ti di ahoro. UNTL, tí ó tóbi jù ní ìlú kan náà, ti ilẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Àìsí iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí ó ti gbó, àti aṣọ tuntun olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó pa wọ́n. Kí òkìrìkà nìkan má ru ẹ̀bi náà. Bí ìjọba bá ń lé aṣọ àlòkù ní ẹnubodè, kí ó sọ ohun tí tálákà yóò wọ̀ fún wa. Rwanda gbìyànjú irú rẹ̀. Wọ́n gbé owó-orí aṣọ àlòkù sókè ní 2016, Amẹ́ríkà sì fi ìyà jẹ wọ́n fún un ní 2018, nípa gbígba àǹfààní tí aṣọ tí wọ́n rán ní Rwanda ní láti wọ Amẹ́ríkà láìsan owó-orí. Ọ̀nà náà ní ẹ̀gún. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí ẹnikẹ́ni lọ kó ìdì láti Kútọnu. Èyí tí ó ti wà nínú ọjà wa, àti èyí tí ó wà nínú àpótí wa, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Èyí tí ó wà nínú ọjà ń kọ́? Ẹ lọ ní òwúrọ̀ bí ó bá jẹ́ ojúlówó ni ẹ ń wá, nítorí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ìdì ni ọwọ́ ń bá èyí tí ó dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò wọ́n díẹ̀. Bí owó kò bá sí, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ti kígbe láti àárọ̀ kò fẹ́ di ẹrù padà sílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tí a kọ sí ọrùn aṣọ tàn yín. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ wo abíyá, kí ẹ wo àárín ẹsẹ̀, kí ẹ wo ọrùn àti ẹnu ọwọ́, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń kọ́kọ́ kú. Ẹ nà á sí ojú oòrùn; bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ bí ti ajere, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fa sípù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú: ìdọ̀tí yóò bá omi lọ, ṣùgbọ́n aṣọ tí ọ̀rinrin ti bù kì í gbà ìwẹ̀nùmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣòkòtò yóò ṣe òun láìbọ́ aṣọ láàrin ọjà, kí ó pa ìbàdí rẹ̀ pọ̀, kí ó fi yí ọrùn ara rẹ̀ ká. Bí etí méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, kí ó sanwó. Ọ̀rọ̀ ìnájà, n kò lè kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìyẹn, àfi kí n rán an létí pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà rí ìfẹ́ aṣọ ní ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ṣòkòtò jíìnsì tí ó ki, tí àwọn ọmọ ìgboro ti kọ̀ nítorí pé àṣà rẹ̀ ti kọjá, òun ni kí ẹ fi ṣán oko. Ẹ̀gún kò ní tètè rí ara yín. Ẹ̀wù òjò àti bàtà aláwọ tí ó ga dé ojúgun ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọlọ́jà a sì máa ta wọ́n ní ọ̀pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí ẹni tí ó rántí òjò. Aṣọ ìbùsùn ńlá tí ó jẹ́ òwú gidi, télọ̀ lè gé ẹ̀wù ilé-ìwé ọmọ méjì nínú rẹ̀. Aṣọ tí ó bá tóbi jù, ẹ gbé e fún àwọn obíọmà tí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri àdúgbò, kí àwọn náà jẹun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ àlòkù. Ohunkóhun tí ẹ bá sì rà, omi gbígbóná àti ọṣẹ kí ó tó kan ara, oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, àti áyọ́ọ̀nù tí ó gbóná ní inú àti ní òde. Kúrúnà àti làpálàpá kì í béèrè bóyá olówó ni ó ni aṣọ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé aṣọ òkú ni. Ní ọjà Kantamanto ní Àkúrà, ọjà ńlá tí iná jó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, orúkọ tí àwọn ará Gáná ń pe òkìrìkà túmọ̀ sí pé òyìnbó ti kú. Ẹnu yà wọ́n ni, pé alààyè lè ju ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ nù. Aláàyè ni ó jù ú nù. Ọ̀pọ̀ àníjù ni ó dà á láàmú. Àwọn mìíràn yóò fa òwe yọ sí mi pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n àgbàwọ̀ ni ó wí, kò wí àràwọ̀. Ṣòkòtò tí mo fi owó mi rà, tí obíọmà sì ti bá mi gé, tèmi ni. Aṣọ àgbàwọ̀ gan-an ni èyí tí a gbà ní àwìn nítorí òde ọjọ́ kan, tí olówó rẹ̀ sì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Èyí ni ó mú mi dé inú àpótí wa. Kò sí ìlú Yorùbá kan tí kò ní òkìrìkà tirẹ̀ nínú àpótí. Aṣọ ẹbí ni mo ń wí. Léèsì tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́, àǹkárá tí a dá fún ìwúyè, gèlè tí a kò tú láti ìgbà ìgbéyàwó àbúrò: kòkòrò ń jẹ wọ́n, àwọn ọmọ aládùúgbò wa sì ń lọ sí ìdánwò pẹ̀lú ẹ̀wù tí ó ya. Irú aṣọ yìí kò ní ẹnubodè kankan láti kọjá, òfin kò sì kà á léèwọ̀. Èé ṣe tí a kò fi lè ní ìsọ̀ àánú ní ìlú kọ̀ọ̀kan? Ìjọ Ọlọ́run ti ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́ níbi básà ìkórè, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù lè ṣe é, ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè ṣe é. Yàrá kan, tábìlì méjì, okùn tí a ó fi aṣọ kọ́, ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti obìnrin méjì tí ìlú gbẹ́kẹ̀ lé, tí ọ̀kan kì í ṣe ìbátan èkejì. Kí a sọ ohun tí owó náà wà fún kí a tó ta ẹyọ kan, bóyá owó ìdánwò WAEC àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní, tàbí oògùn ní ilé-ìwòsàn ìbímọ, kí a sì máa ka àkọsílẹ̀ náà sí etí gbogbo ènìyàn ní oṣooṣù.

Ẹnì kan bi mí pé èé ṣe tí a kò fi aṣọ náà ta tálákà lọ́rẹ. Mo dáhùn pé mo ti rí ọrẹ wa. Mo ti rí opó tí a tò sórí ìlà láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí a fún ní ọ̀pá àǹkárá mẹ́rin, tí ayàwòrán méje sì yà á ní fọ́tò kí ó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá san owó díẹ̀, tí ó sì nájà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́. Ó gbé orí rẹ̀ sókè jáde. Àwa olóṣèlú jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi akọ̀wé ìpolongo ni mo sì ń wí i: èmi náà ti bójú tó títẹ àwòrán aṣáájú sórí àǹkárá rí, mo sì mọ iye rẹ̀ tí ó ti di aṣọ ìnulẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀ka wa ní ìlú kankan bá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ìsọ̀ àánú sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan àmì ẹgbẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí a má sì ṣe bi ẹni tí ó wọlé léèrè ẹni tí ó dìbò fún.

Àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn àti àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lè máa ronú pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Rárá o. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀wù oko àti ẹ̀wù ilé-ìwé ní ìdajì-ìdajì owó ni yóò ní nǹkan lọ́wọ́ láti ra sányán tàbí ẹtù kan tí yóò pẹ́ títí, dípò aṣọ ẹbí mẹ́rin lọ́dún tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò tilẹ̀ ti ọwọ́ ọmọ wa wá. Ẹni tí ń tẹ àwòkọ àdìrẹ ní ilẹ̀ òkèèrè ni kí wọ́n dojú kọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, mo ṣí àpótí mi. Mo bá agbádá mọ́kànlá nínú rẹ̀; méje ni n kò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ti kó márùn-ún sọ́tọ̀. Ìyàwó mi ní kí n má ṣe fi ọwọ́ kan tòun títí òun yóò fi ṣà á fúnra òun, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti ṣòkòtò Tíṣà, mo rà á. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo dì í sínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò fi ní sọ fún mi pé òun kàn ń kọjá lọ ni.